Ìpara Ọkọ̀ Àlàájà Àfúsá

Mọ́ńdè, 13 Jánúárì

Ọyẹ́ ti jẹ ètè gbogbo èèyàn tán ní Ṣàpọ́n. Ètè Bọ̀dá Gbémiga là bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ, síbẹ̀ kò dákẹ́ ariwo. "Ìkẹ́! Ìkẹ́olúwa! Ṣé omi eré ni mo fà fún ọ ni?" Mo fi ohùn òun gan-an dá a lóhùn láti ẹ̀yìn táńkì: "Rárá o, ọ̀gá." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ara rẹ̀ kiri. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ohùn yìí kan náà ló lé mi kúrò níléèwé. Mo fi ohùn pirinsípà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n lọ. Tíṣà méjì náà bá wọn lọ. Ni bàbá mi bá kó mi láti Ọ̀fàdà wá fún àbúrò màmá mi, Bọ̀dá Gbémiga, pé kí n máa bá a fọ ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ kò lóhùn tí n óò sín jẹ. Bàbá mi ò tíì gbọ́ bí mo ṣe ń sín họ́ọ̀nù jẹ.

Àlàájà Àfúsá, aláró Ìjẹmọ̀, gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó fi ìka ra dáṣíbọ́ọ̀dù, ó na ìka náà sí mi lójú. "Èyí lẹ fọ̀? Ike yìí funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò pa ìpara. Ọ̀lẹ ti wọ̀ yín lẹ́wù." Ó ní òun ń lọ kírun, kí òun tó dé kó ti dán.

Ó fẹ́ kó dán? Kò burú. Mo po pọ́líìṣì táyà mọ́ kẹrosíìnì, mo da àdín lé e. Mo fi pa dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi pa ike ara ilẹ̀kùn, mo fi pa rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká. Mo wá fi pa sítíárì kó lè máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Aṣọ funfun kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo kó o sílẹ̀, mo tún kó o padà.

Nígbà tó dé, ọkọ̀ ń tàn bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. "Ẹ̀ẹ́n! Ẹ ò wá rí i? Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kàn ń fi ọ̀lẹ bò ó ni." Ó fún mi ní ọsàn mẹ́ta. Bí mo ṣe ń jẹ ọsàn ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Fúráìdè, 17 Jánúárì



Àlàájà ránṣẹ́ pè mí sí ilé aró ẹ̀. Mo rò pé ọsàn ló kù. Ó jókòó ti ìkòkò aró. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ki ọwọ́ bọnú aró, ó sì fa aṣọ kan jáde.

N kò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà bá jáde, ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló fẹ́ sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú mi báyìí, láti etí wọ àárín, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lórí Olúmọ. Mo ti ń rí àdìrẹ láti kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìgbà tó di búlúù tán ni mo rí ọwọ́. Ọwọ́ èèyàn kan, ìka márààrún, ó yà funfun sí àárín aṣọ. Aró ò mu ibẹ̀ rárá.

"Na ọwọ́ ẹ," Àlàájà wí.

Mo nà án. Ó gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ ara aṣọ. Kò lé, kò dín.

"Epo," ó ní. "Ibi tí epo bá ti kan aṣọ, aró ò ní wọ ibẹ̀. Tí aṣọ bá ṣì funfun, ojú èmi àtìwọ ò lè rí i. Aró ló máa ń rí i."

Aṣọ mẹ́rìnlá ló bà jẹ́. Fèrèsé ilé ìtura kan n'Íbàdàn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Lára òmíràn, igun dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, lára òmíràn ìdìmú ilẹ̀kùn, ó hàn ketekete bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì yà á.

"Èyí tí o fi pa sítíárì ńkọ́?" Ó bi mí jẹ́ẹ́. "Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ iléèwé méjì ń bọ̀ létí títì. Ọlọ́run ló fà mí sápá kejì."



Sátidé, 18 Jánúárì

Àlàájà wá sí ibi ìfọkọ̀ wa. Bọ̀dá Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Lónìí yìí náà ló ń padà sí Ọ̀fàdà. Ẹyẹ ni yóò máa lé lóko ìrẹsì bàbá ẹ̀. Kó máa lọ sín àwọn ẹyẹ jẹ."

"Ta ló ní kó lọ?" Àlàájà ò tilẹ̀ wò ó. "Nílé aró tiwa, ọmọ tó bá ba aṣọ jẹ́ kì í lọ sílé. Ibẹ̀ náà ni yóò wà títí yóò fi mọ ohun tó bà á jẹ́. Dìde ńlẹ̀, Gbémiga, omi ti wọ ṣòkòtò ẹ."

Ló bá kọjú sí mi. "Ike ọkọ̀ mi ń là. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀ ń le, ìwọ sì ti fi kẹrosíìnì bá mi mú un le sí i. Wá ohun tí a óò máa fi pa á fún mi. Oòrùn ò gbọdọ̀ là á. Òjò ò gbọdọ̀ ráyè wọlé. Aṣọ mi ò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kan pa ibẹ̀. Mo fún ọ dìgbà òjò àkọ́rọ̀. Bí epo bá kan aṣọ mi, tàbí omi wọlé bá a, kí o máa lọ bá àwọn ẹyẹ ẹ."

Mo mọ oko yẹn. Láti ìdájí dalẹ́, orí pẹpẹ kan ṣoṣo, ìwọ àti gòǹgò ọ̀fun ẹ. Ẹyẹ kì í rẹ́rìn-ín.

Túsìdé, 21 Jánúárì

Mo lọ sí Kútọ̀ lọ́dọ̀ Mùsílíù tó ń ta ìpara àti ọṣẹ ìfọkọ̀. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù lọ́jà.

"Ọmọ mi, gba ìgò pupa yìí. Tí o bá fi pa ike, ojú ọkọ tí o máa fẹ́ ni wàá rí nínú ẹ̀."

"Ṣé ó lépo, Bọ̀dá?"

"Epo kẹ̀! Kí ni kò lépo? Ìwọ gan-an lépo. Wo iwájú orí ẹ."

Mo yí ìgò náà, mo ń ka ara ẹ̀. Òyìnbó inú ẹ̀ kéré bí ẹyin ìdun. Ibi tí mo ti lóye ni mo kà, ibi tí n kò ti lóye mo wá a lórí fóònù. Sílíkónì, ohun tó ń mú nǹkan dán. Epo kan tí wọ́n fi fọ nǹkan. Òórùn dídùn. Mo wá rí ìgò kan ní kọ̀rọ̀, eruku ti bò ó. Ohun funfun bíi wàrà ló wà nínú ẹ̀, "omi" sì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ohun mìíràn.

"Jọ̀wọ́ fi ìyẹn sílẹ̀," Mùsílíù wí. "Kì í tà. Kì í dán. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni wọ́n ń tà á, kò sì dán! Ta ló fẹ́ kí wọ́n fọ ọkọ̀ òun káwọn èèyàn má mọ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bu díẹ̀díẹ̀ fún mi nínú gbogbo ẹ̀. Ó kọ̀. Mo fi ohùn ìyàwó ẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó bu gbogbo ẹ̀ fún mi.

Fúráìdè, 24 Jánúárì

Òkú ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn táńkì wa tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Mo gé ike dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ sí mẹ́fà, mo gé rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀ sí mẹ́fà. Mo tò wọ́n sórí àpáta tí oòrùn ń ràn sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo fi ìṣó ya ìlà sí wọn lára kí n lè dá wọn mọ̀. Ìlà kan, ìgò pupa. Ìlà méjì, àdín. Ìlà mẹ́ta, jẹ́lì ìpara tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára. Ìlà mẹ́rin, kẹrosíìnì tí mo fi yọ́ àbẹ́là, torí ohun tí gbogbo afọkọ̀ ń lò nìyẹn. Ìlà márùn-ún, olómi funfun.

Gbogbo wọn ni mo fún lóhùn. Ìgò pupa ń sọ̀rọ̀ bí òṣèlú: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ó dán!" Olómi funfun ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń tọ́ni síjòkòó ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ sún síwájú díẹ̀, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Bàbá Olújìmí, tíṣà àgbà ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì tó ti fẹ̀yìn tì, gba ẹ̀yìn wa kọjá. Wọ́n dúró. "Kí lò ń sá síbẹ̀, ẹran ni?"

"Ike ni, sà. Mo fẹ́ mọ ìpara tó dáa jù."

"Èwo ni o kò fi nǹkan kan pa nínú ẹ̀?"

"Kò sí, sà. Ọ̀kan kù, mo fẹ́ fi òróró pa á."

"Tí o bá wá fi nǹkan pa gbogbo ẹ̀, kí lo máa fi mọ ohun tí oòrùn nìkan lè ṣe?"

Wọ́n bá tiwọn lọ. Mo dúró sójú kan, òróró wà lọ́wọ́ mi. Odindi SS1 ni mo kà, kò sẹ́ni tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Ìkẹfà wà níhòòhò.

Sọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì

Bàbá Olújìmí ní kí n wá wo ọkọ̀ wọn lẹ́yìn ìsìn. Ọdún 1983 ni wọ́n rà á. Mo rò pé òkú ni n óò bá.

Ìyẹn ò kú o! Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n fọwọ́ tẹ rọ́bà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó padà sí bó ṣe wà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà yìí ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo yí gbogbo ọkọ̀ náà ká, mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ Ifá... ẹ forí jì mí, Bàbá, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Kí lẹ fi ń pa á, sà?"

"Omi ọṣẹ, kí n kọ́kọ́ kó eruku kúrò. Aṣọ gbígbẹ. Lẹ́yìn náà gílísárìnì, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tí ìyá tiwa fi ń pa wá lára lọ́yẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Omi lásán sì ni yóò ṣí i kúrò tí o bá fẹ́." Wọ́n wá nawọ́ sí igi máńgòrò tó bo ọkọ̀ náà. "Àti ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ìpara, wọn ò wá ibòji."

Nígbà tí mo délé mo fi ohùn wọn sọ ọ́ fún Bọ̀dá Gbémiga. N kò mọ̀ pé wọ́n tẹ̀lé mi wá gba bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. "Ohùn mi ti rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ," wọ́n ní. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n ní ó kù díẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 5 Fẹ́búárì

Ewúrẹ́ ti lá àdín tán, ó sì fẹ́ gbé ike náà mì. Mo gbà á lẹ́nu ẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi gílísárìnì sí ipò àdín.

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

Ooru. Ọyẹ́ ti kó ẹrù ẹ̀ lọ. Àpáta gbóná débi pé mi ò lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ti di igba náírà lọ́wọ́ ọlọ́mi, Bọ̀dá Gbémiga ń kùn bí ẹ̀rọ tó fẹ́ kú.

Mo kó gbogbo wọn wọnú ilé, mo tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì. Mo jókòó tì wọ́n, n kò lè dìde.

Èyí tí mo fi jẹ́lì pa, rọ́bà ẹ̀ ti wú! Ó sanra bí èèbó iṣu tó rin sómi. Rọ́bà oníkẹrosíìnì ti là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ike ẹ̀ sì hu funfun. Ìgò pupa ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo eruku Ṣàpọ́n ló lọ lẹ̀ mọ́ ọn, tí mo bá fọwọ́ kàn án ọwọ́ á máa yọ̀. Gílísárìnì mú rọ́bà rọ̀, kò ṣe nǹkan kan fún ike. Olómi funfun kò dán, kò là, kò ṣe fáàrí. Ó kàn dúdú bó ṣe dúdú lọ́jọ́ tí mo gé e.

Ìkẹfà ló dẹ́rù bà mí. Èyí tí n kò fi nǹkan kan pa. Ó ti ṣá, ìlà tín-ín-rín bí irun orí sì ti gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún péré. Èmi ti ń rìn lábẹ́ oòrùn yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìmọ́lẹ̀ ni mo rò pé ó ń ṣe. N kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Mo kó wọn lọ sí Ìjẹmọ̀. Mo fẹ́ sọ fún Àlàájà pé mo ti rí i: olómi funfun fún ike, gílísárìnì fún rọ́bà. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn akéde rédíò.

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ya aṣọ funfun sí wẹ́wẹ́, ó ta kókó sí etí wọn, kókó kan, kókó méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Nù wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Fi ipá nù ún, bí ẹni tí aṣọ ń gbo ara ike láti Èkó dé ibí." Mo nù wọ́n. Gbogbo àkísà náà funfun bákan náà lójú mi. Ó rì wọ́n sínú aró, ó fà wọ́n jáde. Ewé. Lẹ́yìn náà búlúù. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, síbẹ̀ mo tún la ẹnu sílẹ̀.

Ìgò pupa: funfun gbàgàdà láàárín. Jẹ́lì, bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì, bẹ́ẹ̀. Gílísárìnì: búlúù láti etí dé etí, torí Àlàájà ti kọ́kọ́ fi omi san gbogbo àkísà náà kó tó rì wọ́n. Ọkàn mi fò. Olómi funfun: àmì funfun fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ṣùgbọ́n ó wà.

"Ó lábàwọ́n," Àlàájà wí.

"Àlàájà, ó kéré!"

"Kó o lọ sọ fún oníbàárà mi pé ó kéré. Báwo lo ṣe fi pa á?"

"Mo dà á sí i lára."

"O dà á!" Ó pe ọmọ ẹ̀ obìnrin, Asiata, tó ń na aṣọ sórí okùn. "Asiata, wá gbọ́ o. Ó ní òun dà á! Ṣé a máa ń da aró sórí aṣọ?"

"Bóyá ó rò pé ọbẹ̀ ni," Asiata wí.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà Àlàájà mú àkísà, ó ní: "Orí aṣọ lo máa da ohun náà sí, kì í ṣe orí ike. Díẹ̀. Fi pa á kó fẹ́lẹ́. Fi sílẹ̀ kó mu. Kí o wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí o pààrọ̀ aṣọ, kí o tún nù ún, títí aṣọ ò fi ní bá nǹkan kan bọ̀ mọ́. Ohun tí ike ò bá mu, kì í ṣe ti ike. Aṣọ mi ni yóò bá a lọ."

Tọ́sìdeè, 27 Fẹ́búárì

Mo ṣe é bó ṣe wí. Aṣọ gbígbẹ mẹ́rin ni mo fi nù ún. Apá mi fẹ́ já.

Búlúù! Láti etí dé etí! Àlàájà gbé e síwájú oòrùn, ó ń wá àbàwọ́n kiri bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Kò rí. Kò yìn mí o. Ó kàn ká a, ó fi sápò.

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì

Ààwẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Àlàájà kì í pariwo mọ́, ó ń fi ojú nìkan bá wa wí, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Kò sí ìkùukùu.

Tọ́sìdeè, 13 Máàṣì

Ọkọ̀ Àlàájà ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo fi omi ọṣẹ fọ inú ẹ̀ kí èyí tí mo fi ṣe é níkà ní Jánúárì tó kúrò. Sítíárì àti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, n kò fi nǹkan kan pa wọ́n. Èyí tó kù gba olómi funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú, kò dán, àwòrán ẹ̀ ò sì yọ sínú gíláàsì iwájú bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ojú títì. Títì nìkan ni mo rí.

Rọ́bà ni wàhálà. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ti ń rọ̀. Lójoojúmọ́ mo ń fi gílísárìnì pa wọ́n, lójoojúmọ́ wọ́n ń gbà. Ti ẹ̀yìn lápá òsì kò gbà. Ó le bí ilá tó gbó. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ̀rẹ̀. Ní igun òkè, ó ti là, mo lè fi èékánná bọ inú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.

Fúráìdè, 14 Máàṣì

Mo lọ bi Mùsílíù ibi tí mo ti lè rí irú rọ́bà yẹn rà. Ó ní irú ọkọ̀ yẹn ti gbó, àfi kí èèyàn lọ wá a ní Èkó, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wo ojú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ń yọ ara ẹ lẹ́nu? Fi jẹ́lì pa á. Pa á dáadáa, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó máa wú. Ilẹ̀kùn á pa dé gbà-gbà-gbà, omi ò ní rí ibi gbà."

"Ṣùgbọ́n ó máa jẹra, Bọ̀dá. Mo rí i lórí àpáta."

"Lẹ́yìn oṣù kan! Òjò àkọ́rọ̀ ló ní, àbí òjò kejì? Wàá yege, wàá dúró ní Abẹ́òkúta, ojú á wá là lẹ́yìn náà. Èwo ni tìẹ?"

Mo gba jẹ́lì náà. Ọgbọ́n jẹ́lì yìí ju gbogbo àrékérekè tí mo ti dá rí lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá já lóṣù kan, a ó ní oòrùn ni.

Mo gbé e dání láti ọ̀sán títí Bọ̀dá Gbémiga fi ní kí n wá pa táńkì dé. Mo lọ mú rọ́bà onílà mẹ́ta lórí bẹ́ńṣì, mo fà á díẹ̀. Ó já sí mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mo rò ó pé Àlàájà máa wà nínú ọkọ̀ níbì kan ní títì Ìbàdàn, òjò á máa rọ̀, aṣọ tó ti fi oṣù méjì ṣe á wà lẹ́yìn ẹ̀, á sì máa yìn mí lọ́kàn.

Sátidé, 15 Máàṣì

Mo lọ bá a kó tó ṣínu. Ó ń to dàbínù sínú àwo.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ti kú. Kò sí ohun tí mo lè fi pa á tó máa jí. Tí òjò bá rọ̀, omi máa wọlé. Igun òkè ló máa gbà, ibi tó súnmọ́ ẹ̀yìn."

Bọ̀dá Gbémiga tó tẹ̀lé mi wá gbé ọwọ́ lérí. "Ìwọ ọmọ yìí! Láti ọdún tí wọ́n ti bí ẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kí o pa ẹnu ẹ mọ́, òun náà lo wá là á yìí!"

Àlàájà ka dàbínù ẹ̀ tán. "O rántí ohun tí mo sọ nípa òjò?"

"Mo rántí, mà."

"Ṣé kò sí ọgbọ́n kankan tí a lè dá sí i?"

"Ọgbọ́n wà, mà. Jẹ́lì máa mú un wú, kò ní pẹ́ já. Ẹ ò ní mọ̀ títí yóò fi já."

Wọ́n pe àdúrà, ó mú dàbínù kan, ó fi sẹ́nu. "Ó dáa. A ó rí òjò náà."

Mo ti di ẹrù mi. Kò pọ̀.

Wẹ́sìdeè, 19 Máàṣì

Láti ọ̀sán ni ooru ti dákẹ́ lọ́nà kan tó ń bani lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé páànù, ó gbé eruku, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wa dé ìsọ̀ alágbo. Ìkùukùu dúdú gun Olúmọ. Nínú eruku yẹn ni ọkọ̀ Àlàájà ti yọ. Aṣọ funfun kún ẹ̀yìn ẹ̀. Kò wá abẹ́ páànù. Àárín gbangba ló pa ọkọ̀ sí.

"Gbémiga, wá jókòó síwájú. Ìkẹ́olúwa, ẹ̀yìn lápá òsì."

A wọlé, a pa gbogbo ilẹ̀kùn dé. Òjò já lulẹ̀.

N kò tíì jókòó sínú òjò báyìí rí. Ariwo ẹ̀ bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Omi ń ya lu gíláàsì bí ẹni ń da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sí wa lórí, ilé Ṣàpọ́n ti pòórá, àwa mẹ́ta àti aṣọ funfun nìkan ló kù láyé. Mo wo ilẹ̀kùn ọ̀tún. Omi ń sáré lẹ́yìn rọ́bà ẹ̀, mo ń rí i, ó ń wá ọ̀nà, kò rí. Ohun tí kò nípọn ju ọmọ ìka lọ, tí mo fi ọwọ́ ara mi pa lóròòwúrọ̀, ló dá gbogbo òjò yẹn dúró.

Mo gbé ojú sókè sí igun tèmi. Ẹ̀kán omi kan péré yọ níbẹ̀. Ó rọ̀ dirodiro, ó gùn, ó já. Òmíràn tẹ̀lé e.

Bọ̀dá Gbémiga rí i. "Ó tán," ó wí. "Àlàájà, mo ti bá onímọ́tò Ọ̀fàdà sọ̀rọ̀, lọ́la ni ó—"

"Gbémiga, gbọ́ òjò."

Ó yí padà lórí ìjókòó ẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó fọwọ́ ra gbogbo etí ẹ̀. Ó fọwọ́ ra tiwájú. Ó gbé ọwọ́ náà wò: gbẹ. Ó wá wo igun tèmi.

"Igun òkè, ibi tó súnmọ́ ẹ̀yìn," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé ọkọ̀ yìí wá fún ẹ̀yin afọkọ̀. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ fún mi pé ó ti dáa. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí kò dáa fún mi rí." Ó kọjú síwájú. "Èmi àti ẹ la máa lọ wá rọ́bà náà ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé. Kí Gbémiga sọ fún onímọ́tò ẹ̀ pé kó máa gbé ẹlòmíràn lọ."

Bọ̀dá Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà onímọ́tò náà lórí fóònù ẹ̀.

"Omi ọ̀hún fẹ́ kan aṣọ mi," Àlàájà wí, kò tún bojú wẹ̀yìn.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ igun náà. Omi ń kán sí i, ó tutù bí òkúta yìnyín, ó ń kún, mo ń dà á sórí ẹsẹ̀ ara mi, mo tún ń gbé ọwọ́ padà. Òjò náà kò tètè dá. Apá mi kú, mo fi apá kejì rọ́pò ẹ̀. Kò sí èyí tó kan aṣọ.